Géètìmáànù Inú Bátìrì

Títí di òní, bí oníbàárà bá gbé bátìrì wá fún mi, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ po lẹ́nu dáadáa kí n tó bi í ní ohunkóhun. Àwọn tó mọ̀ mí ní Agége rò pé ìwà jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe ìwà jẹ́jẹ́. Ìbéèrè tí a máa ń bi gbogbo oníbàárà ló gbé mi dé àtìmọ́lé láyé àwọn ológun, kò sì tíì yé mi tán bó ṣe jẹ́. Bí mo ṣe rí i ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Bátìrì irinṣẹ́ ni mò ń tún ṣe, pàápàá ti dírílì tí kò ní wáyà. Nígbà yẹn, irú dírílì bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Àwọn tó bá lọ sókè òkun ló ń mú un bọ̀, tàbí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà tí òyìnbó ń ṣe ọ̀gá wọn. Bí bátìrì rẹ̀ bá kọ̀ tí kò gba iná mọ́, kò sẹ́ni tó ń jù ú nù. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, ti sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n. Ohun tí èèyàn bá ní, títún ṣe ló ń tún un ṣe.

Àǹtí Dúpẹ́ ló kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin Èkìtì ni. Ó ti pẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to rédíò ní Ìkẹjà, òun ló ń fi òjé gbígbóná so wáyà mọ́ra níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, ó gbé tábìlì sábẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin l'Agége. Èmi náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi dúró nílé iṣẹ́ aṣọ ni, mo sì ń wáṣẹ́ kiri. Mo dúró, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ kọ́ ọ ni, àbí o kàn fẹ́ bo òòrùn mọ́ mi lójú?"

"Mo fẹ́ kọ́ ọ, mà."

"Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Mo na ọwọ́. Ó ń gbọ̀n. Ó wò ó, ó fa búrẹ́dì yọ nínú báàgì rẹ̀, ó bu ìdajì fún mi.

"Jẹun ná. Ọwọ́ tí ebi ń mú gbọ̀n kò lè fi òjé so nǹkan kan."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bátìrì dírílì kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá ṣí ike rẹ̀, ọmọ bátìrì wẹ́wẹ́ la óò bá níbẹ̀, wọ́n tò ti ara wọn, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á dákẹ́. Láàárín wọn, nǹkan kan tún wà tí kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ. Bí bátìrì bá gbóná jù, nǹkan yìí á já ọ̀nà iná kó má bàa bú. Bó bá tutù, á so ó padà. Àǹtí Dúpẹ́ ń pè é ní géètìmáànù.

"Bí ara rẹ̀ bá gbóná, á ti géètì," ni ó máa ń wí. "Bó o kanlẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní ṣí i. Má bá a jà. Jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù."

Nítorí géètìmáànù yìí, Àǹtí ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sukudiráfà kó tó bi oníbàárà léèrè bí nǹkan ṣe ń lọ nílé. Níbo lẹ gbé ṣájà sí? Yàrá wo? Ṣé iná ìjọba lẹ ń lò ni àbí jẹnẹrétọ̀? Ìgbà wo lẹ máa ń tàn án, ta ló sì ń pa á? Ó ní ilé oníbàárà ni àìsàn bátìrì ti ń bẹ̀rẹ̀, orí tábìlì wa ló kàn ti ń kú. Òótọ́ ni. Bàbá oníbúrẹ́dì kan bá wa fa ìjà gidi, ó ní a ba bátìrì òun jẹ́. Ìgbà tí Àǹtí bi í léèrè dáadáa ló hàn pé ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì ló ń gbé ṣájà sí.

"Bàbá," Àǹtí sọ fún un, "bátìrì lẹ fẹ́ ṣájì ni, àbí ẹ fẹ́ yan án?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn pé irú ìbéèrè yẹn lè pa èèyàn lára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí ti lọ ra òjé, èmi nìkan ni mo wà nídìí tábìlì. Sójà kan dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìdòwú lorúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀. Dírẹ́bà ọ̀gá ológun kan ni, ó ní inú GRA Ìkẹjà ni ọ̀gá ń gbé. Ó gbé dírílì kan kalẹ̀, tòun ti ṣájà rẹ̀.

"Kò gba iná. Ọ̀gá fẹ́ fi kan ilé ẹyẹlé. Tètè ṣe é."

Mo ṣí i, mo bá ọmọ bátìrì kan tó ti kú. Mo fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Mo ki í bọ ṣájà lójú rẹ̀, iná pupa tàn. Ó gbé e lọ. Kò pẹ́ tó fi tún dé.

"Kò gba iná nílé."

Mo ki í bọ ṣájà, iná tàn. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbé e lọ. Nígbà tó tún padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé ò ń fi èmi àti ọ̀gá mi ṣeré ni? Ó ń ṣiṣẹ́ níbí, ó ń kú nílé. Oògùn lo fi sí i?"

"Rárá o, sà."

Mo wá ṣe ohun tí Àǹtí kọ́ mi. Mo ní, "Ẹ má bínú. Níbo ni ṣájà wà nílé ọ̀gá? Yàrá wo?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé kò gbọ́ ni.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀? Bí wọ́n bá pa á tán, ta ló máa ń wà níbẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè mọ ibi tí ìyọnu ti ń wá ni, sà."

Ìdòwú wo tábìlì wa. Èmi náà wò ó, ṣùgbọ́n ohun tó rí kọ́ ni mo rí. Wáyà wà níbẹ̀, ọmọ bátìrì tí a fi wáyà so pọ̀ wà níbẹ̀, aago kékeré tó ń dún kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ wà láàárín wọn, òun la fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká yọ bátìrì kúrò nínú iná. Àsìkò náà sì nìyẹn tí a máa ń gbọ́ pé bọ́ǹbù dún níbí, ó dún lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ń gbé e kiri. Ìdòwú kó dírílì rẹ̀, kò dágbére. Ní ọjọ́ kejì, jíìpù àwọn ológun dé sábẹ́ igi fúrúùtù.

Ilé tí wọ́n gbé mi lọ, n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n gbé orí sílẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin onígíláàsì kan ló jókòó síwájú mi. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Àǹtí mi ló kọ́ mi níṣẹ́."

"Aago yẹn, kí lẹ fi ń ṣe?"

"A fi ń ṣọ́ bátìrì ni, sà, kó má pẹ́ jù nínú iná."

"Bó bá pẹ́ jù ńkọ́?"

Mo dáhùn bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń dán wò lẹ́nu iṣẹ́. "Á bú, sà."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Á ṣe kí ni?"

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Gbogbo òótọ́ tí mo bá tún sọ, ṣe ni ó ń mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Mo fẹ́ dárúkọ géètìmáànù fún un, mo yára gbé e mì. Ọmọ ọlọ́mọ ń ṣọ́ géètì káàkiri GRA. N kò fẹ́ kí wọ́n lọ gbé e nítorí mi.

Mo wà níbẹ̀ títí mo fi dàrú. Mo ń bi ara mi pé kí gan-an ni mo ṣe. Ṣé nítorí pé bátìrì ò gba iná ni? Ṣé aago ni? Ṣé nítorí pé mo bèèrè yàrá ni? Bí wọ́n bá mú oúnjẹ wá, mo máa ń fẹ́ bi wọ́n, ìbẹ̀rù á sì pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí ìbéèrè ló kúkú gbé mi dé ibẹ̀. Mo ti rí i pé wọ́n ń mú ẹlòmíràn jáde tí a kò sì rí i mọ́. Bóyá ilé ni ó lọ. N kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pe orúkọ mi. "Ráfíù, jáde." Mo jáde. Wọ́n tún ní kí n gbé orí sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ìgbà tí wọ́n ní kí n gbé e sókè, mo rí àgbàlá ńlá kan tó ní igi púpọ̀. Ọkùnrin ìgìrìpá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, èérún pákó kún irun àyà rẹ̀. Ilé ẹyẹlé tí kò tíì parí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdòwú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òpó.

"Ìwọ lo fẹ́ mọ ibi tí ṣájà mi wà?" ọ̀gá náà bèèrè. "Ó nìyẹn. Bí bátìrì yìí bá gba iná níbí, máa lọ sílé rẹ. Bí kò bá gbà, wọ́n á dá ẹ padà síbi tó o ti ń bọ̀."

Yàrá kékeré onípáànù kan ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti jẹnẹrétọ̀, orí pẹpẹ tó lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ni ṣájà wà. Ooru ibẹ̀ gbá mi lójú bí ìgbà tí a ṣí ààrò. Mo fọwọ́ kan bátìrì, ó gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Géètìmáànù ti ti géètì. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe bátìrì náà ju ìyẹn lọ.

Mo mọ oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti bèèrè ibi tó tutù, ẹnu mi kò sì gbà láti bèèrè ohunkóhun mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni mo wí, "n kò bi yín ní nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ibi tó tutù hàn mí, tí wáyà lè dé, inú mi á dùn."

Ọ̀gá náà wo Ìdòwú. Ìdòwú na ìka sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìdáná, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ wà lábẹ́ ibòji. Mo tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ nítorí omi, mo gbé bátìrì àti ṣájà lé e, mo fa wáyà wọlé láti ojú fèrèsé.

Iná kò tàn.

Mo lóṣòó tì í. Ọ̀gá padà sídìí pákó rẹ̀, ó ń fá a. Ìdòwú ń wo bàtà rẹ̀. Mo ń bẹ géètìmáànù nínú ọkàn mi bí ẹni ń bẹ èèyàn. Mo fẹ́ wọ́n omi sí i, mo rántí ọ̀rọ̀ Àǹtí: má bá a jà. Mo ká ọwọ́ mi sábẹ́ abíyá.

Ó dún kín. Ẹni tí kò bá mọ ohùn rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. Iná pupa tàn.

"Ó ti gbà, sà!" Ìdòwú ló pariwo, kì í ṣe èmi.

Ọ̀gá wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Nítorí ooru lásán?" Kò bínú, kò tọrọ àforíjì, kò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó ní kí wọ́n gbé mi padà sí Agége. Mo gbé orí sílẹ̀ nínú mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n gbé e sílẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́ wà lábẹ́ igi. Ó ti lọ bèèrè mi títí láwọn ibi tí wọ́n ti ń lé e. Ó dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé:

"Ṣé iná wọlé sínú bátìrì sójà yẹn?"

"Ó wọlé, mà."

Nígbà náà ló tó bú sẹ́kún.

A gbé aago kúrò lórí tábìlì láti ọjọ́ náà. Ìrun ni a fi ń ka àkókò. A óò ki bátìrì bọ iná bí ládáánì bá pe àílà, a óò yọ ọ́ bó bá pe alásárì. Àǹtí, ọmọ ìjọ tí kì í pa ìsìn Sunday jẹ, á máa kígbe pé, "Ráfíù, ládáánì rẹ pẹ́ lónìí o, bátìrì Bàbá Káfíńtà ti ń gbóná!"

Àǹtí ti sinmi iṣẹ́, ó ti padà s'Èkìtì. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ, ọkùnrin kan gbé bátìrì dírílì dé. Ó ti sanra, ó ti ń hewú, ó ní fèrèsé onígíláàsì lòun ń ṣe báyìí. Ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Ìdòwú ni.

Òun náà mọ̀ mí. Kò jẹ́ kí n la ẹnu.

"Kò gba iná, ọ̀gá mi. Ilé mi wà lẹ́yìn sọ́ọ̀bù epo, ojúlé kejì lápá ọ̀tún, inú yàrá ni mo gbé ṣájà sí, ìyàwó mi ló ń pa jẹnẹrétọ̀..."

"Ẹ má sọ fún mi!" Mo ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí n tó mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ mọ ilé yín."

Mo wá bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà.

"Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi nígbà yẹn?"

Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. "Mo sọ fún sájẹ́ǹtì pé ẹ bi mí léèrè ilé. Sájẹ́ǹtì sọ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ̀. Ọ̀gá pàápàá ò mọ̀ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni, bátìrì rẹ̀ ló ń bèèrè lójoojúmọ́. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹni tó lè tún un ṣe wà látìmọ́lé."

Nítorí náà, ẹnu kan náà ló gbé mi wọlé tó sì gbé mi jáde. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n lé e lọ. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀.

"Ẹ sọ ẹyọ kan péré fún mi," ni mo wí. "Ibi tí ṣájà wà, ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná."

Mo gbé bátìrì rẹ̀ sí ibòji. Àwa méjèèjì jókòó, à ń dúró dè é kó tutù. Ìdòwú wo ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ọ̀gá mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun," ni mo dá a lóhùn.