Omi Àlùwàlá Àǹtí Mi

Ẹ má bínú bí ìwé mi bá rí ṣákálá. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹnu mi ò sì gbọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ni mò ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n lè tètè san gbèsè ilé tí wọ́n jẹ báǹkì tán, omi tútù ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá àsùbáà, àní nígbà òtútù. Kóòtù òtútù ni wọ́n ń wọ̀ dáná. Bí mo bá fọwọ́ kan hítà tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ló ni ilé iṣẹ́ gáàsì, àbí?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n san owó tó kẹ́yìn nínú gbèsè náà. Wọ́n kàn jókòó, kóòtù ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Àǹtí, ẹ kú oríire! Ẹ jẹ́ ká tan hítà."

"Fi í sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ara mi ò mọ ooru mọ́."

Mo wo ọwọ́ wọn. Omi tútù ti là á.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú wọn. Mo gbé omi kaná, mo bu omi tútù díẹ̀ sí i, mo dà á sínú búútà àlùwàlá wọn, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo sì padà lọ sùn.