Ẹrù Ará Wa Nínú Tírélà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, tí ilé wa ṣì wà ní Port Credit nílùú òyìnbó níbí, bàbá mi ra tírélà àlòkù kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé irú èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì ni mò ń wí o. Ilé kékeré onítáyà ni, tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Torí ìyá mi ló ṣe rà á. Ìyá tó bí ìyá mi kú nílé ní Èkó lọ́dún náà, ìwé ìgbélùú wa ò sì tíì jáde, kò sí bí ó ṣe lè lọ sin òkú ìyá rẹ̀. Omi ńlá wà nítòsí ilé wa, àmọ́ ó ní adágún lásán ni, kò ṣàn dé ilẹ̀ wa. Halifax ló fẹ́ lọ, kó dúró sétí òkun tó lọ kan Èkó, kó sunkún ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn.

Ọjọ́ pọ̀ tí a fi ń di ẹrù. Ìyá mi din ata, ó rọ ọ́ sínú ike, ó sì jẹ́ kó dì nínú fírísà. Ó di gàárì sínú ọ̀rá. Ẹni tó ta tírélà fún wa ti kìlọ̀ pé ẹrù tó lè gbà níwọ̀n, àti pé ohun tó wúwo ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, kó má baà máa fì bó bá ń rìn. Bàbá mi ń tún un sọ létí wa ṣáá, bí ẹni ń kọ́ wa ní ìṣirò.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn ti tàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé à ń gba Montreal lọ sí Halifax. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, bí ẹnì kan bá ń rìnrìn-àjò láàárín wa, ẹrù gbogbo ayé ló ń lọ. Obìnrin kan kọ́kọ́ gbé iṣu àti ẹja gbígbẹ wá fún àbúrò rẹ̀ ní Montreal. Òmíràn gbé máṣíìnì ìránṣọ wá, irin gidi. Ìkòkò ńlá dé, páálí ìwé dé. Gbogbo wọn ló ń sọ pé, "Kò wúwo rárá." Bàbá mi á ní, "Kò sí wàhálà, ẹ gbé e wá."

Nígbà tí ìyá mi ráhùn, bàbá mi ní, "Ṣé kí n sọ pé rárá ni? Wọ́n á ní ìwà òyìnbó ti gbé wa lọ."

Bí ẹrù wọn ṣe ń wọlé ni tiwa ń jáde. Kẹ̀kẹ́ mi jáde, àga jáde. Nígbẹ̀yìn, ìyá mi fúnra rẹ̀ gbé àpótí tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ dúdú tó rán fún ọ̀fọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Kó kúkú wà nílé. Èmi ṣáà ni mò ń lọ." Máṣíìnì sì wọ ẹ̀yìn pátápátá, torí kò sí àyè níwájú mọ́.

A ò tilẹ̀ dé Oshawa, ìlú tí kò jìnnà sílé. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, kí bàbá mi sì tó rí ẹ̀gbẹ́ títì yà sí, irin tó di táyà mú ti kán. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Ìyá mi jókòó sórí koríko, kò sunkún. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi gbé ẹrù oníkálukú padà fún un. Obìnrin ẹlẹ́ja tú tirẹ̀ wò lójú wa, ó ní ẹja òun ti rún. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ṣèlérí fún ìyá mi pé ọdún tó ń bọ̀ la ó lọ, àmọ́ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, àìsàn ìyá mi sì tẹ̀ lé e. Ìgbà òtútù ni ìyá mi kú. Kò rí òkun náà.

Mo kórìíra àwọn ẹlẹ́rù yẹn, mi ò fẹ́ máa kí wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló kún ilé wa. Ẹni tó ni máṣíìnì ló wẹ òkú ìyá mi, ẹni tó ni ìkòkò ló ń dáná fún wa. Yìnyín bo ọ̀nà itẹ́ òkú, mọ́tò ò lè wọlé, àwọn ọkọ wọn ló fi èjìká gbé pósí. A ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin ń di ẹrù sínú tírélà tirẹ̀ níwájú ilé wa ní Milton. Halifax náà ló ń lọ. Ẹnì kan pè é lánàá pé kó bá òun gbé báàgì kékeré kan dé Montreal. Ó ní, "Sorry, Auntie, no space," ó sì pa fóònù. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Just someone from church, Mummy."

Àyè wà nínú tírélà yẹn, mo fojú mi rí i. Mi ò bá a wí, torí ká ní bàbá mi lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá mi ì bá dé òkun. Ayé ti yàtọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé ẹrù ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ mi yóò dé ibi tó ń lọ, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ mo ti ń wo ojú àwọn èèyàn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń wá àwọn tí yóò gbé pósí tèmi, mi ò tíì rí wọn.