Iṣẹ́ Tí Ìyá Àgbà Kò Fagi Lé

Ìyá àgbà fi ahọ́n kan ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Kò tíì pẹ́ tó kírun àsùbáà tán. Ẹní ìkírun rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́. Èmi wà lórí ibùsùn, mò ń gbọ́ bí pẹ́ńsùlù náà ṣe ń ha bébà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí adìẹ bá ń tan ilẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, èédú tó ti kó sínú áyọ́ọ̀nù ń ta pàrà, òórùn rẹ̀ sì ń wọlé bá mi.

Aránṣọ ni ìyá àgbà. Yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán, nínú yàrá iwájú ilé wa tí kò jìnnà sí Ẹnuwá ní Ifẹ̀. Ìbàdàn ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì fi mí sí. Bébà tí ìyá àgbà fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ ló máa ń ya ní pélébé, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí yóò kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà sí i. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Òwú búlúù. Ránṣẹ́ sí káfíńtà nítorí òrùlé. Lọ kí ìyá ìkókó tó wà lẹ́yìnkùlé. Yóò wá fi abẹ́rẹ́ gún ìwé náà mọ́ kọ́tìnì tó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá ti parí iṣẹ́ kan, á nawọ́, á fagi lé e, á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó wọlé, àwọn òbí á dà bo ilé wa. Gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìyá, ti ọmọ mi ńkọ́?" "Ìyá, ẹ ní lónìí ni o." Ìyá àgbà kò ní gbé ohùn sókè. Á gbójú sókè wo kọ́tìnì, á ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n bi ìwé mi." Ohun tí ìwé bá sọ labẹ gé.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń kọ ohun tó ti mọ̀ sílẹ̀.

"Orí mi kì í ṣe àpò," ó ní. "Ohun tí mo bá ti kọ, mi ò rù ú mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo máa ń rò."

Èyí tí kò bá sì rí ṣe, á dà á kọ sínú ìwé ọjọ́ kejì. Ó ní bí ó bá ti sú òun láti máa dà á kọ, òun á dìde lọ ṣe é.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹdúnàbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, lójoojúmọ́. Mo mọ Ẹdúnàbọ̀n. Ọkọ̀ tí mo máa ń wọ̀ lọ kí ìyá mi ní Ìbàdàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo rò pé ìyá àgbà fẹ́ ra nǹkan níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò lọ, kò sì dẹ́kun kíkọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣàlùwàlá. Mo wo ìwé náà, gbogbo rẹ̀ ló ti gba igi lórí àfi ọ̀kan yẹn. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo sì fagi lé Ẹdúnàbọ̀n.

Nígbà tó padà wọlé, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo kọ́tìnì, ó tún un wò.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀."

Mo ti ń retí ìgbájú, ṣùgbọ́n ó kàn jókòó sórí àpótí ni. "A kì í fagi lé iṣẹ́ tí a kò ṣe," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Irọ́ nìyẹn, ọmọ mi." "Àbúrò mi ló wà ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọmọ ìyá mi."

Mi ò mọ̀ rí pé ó ní àbúrò. Ó ní nígbà tí àìsàn ìyá wọn le, òun rán awakọ̀ kan sí àbúrò òun pé kó tètè máa bọ̀. Kò wá. Ìyá wọn kú, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ni àbúrò yìí sáré dé, ẹnu àwọn ará ọjà ló ti gbọ́. Lójú gbogbo àwọn tó wá ṣàdúà, ìyá àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Padà síbi tí o ti ń bọ̀. Ìyá tèmi ló kú, kì í ṣe tìrẹ."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni awakọ̀ náà wá jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi rán an," ìyá àgbà wí. "Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ nǹkan."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Báwo ni n ó ṣe kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo pọ̀n?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò gbọ́ òórùn èédú. Ìwé ti wà lójú kọ́tìnì. Ẹdúnàbọ̀n ló wà lókè, kò sì sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀.

"Lọ wẹ̀," ó ní. "Àwa méjèèjì là ń lọ."

A wọ takisí. Nígbà tí a dé ọ̀hún, obìnrin kan tó jọ ọ́ lójú àti nímú jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó rí wa, kò dìde. Ìyá àgbà bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa.

"Awakọ̀ ló gbàgbé iṣẹ́ tí mo rán an. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹ̀gúsí ń dún pà, pà, lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti di ọdún mẹ́fà."

"Ọdún mẹ́fà lẹ ti mọ̀, ẹ ò wá."

"Ojú ló ń tì mí."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé yóò lé wa. Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí títí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tán, ó wá ti àtẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ dìde nílẹ̀. Orúnkún yín ò gba ìyẹn mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ-ọmọ wa ni," ìyá àgbà dáhùn.

Ọ̀rọ̀ "wa" yẹn ló mú obìnrin náà bú sẹ́kún. Èdè Ifẹ̀ tí wọ́n wá ń sọ síra wọn yá jù fún mi. "Ìyá" nìkan ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, léraléra. Ó fún wa ní iṣu àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Nígbà tó ń sìn wá lọ sójú títì, ó ní, "Inú mi ò tíì mọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀."

Ìyá àgbà sì ń lọ. Bí oṣù bá ti yọ, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì lọ. Nígbà tó fi di ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ ti wà lórí àpótí nínú yàrá iwájú wa, ó ń bá a gán bọ́tìnnì, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù. Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú ìyá àgbà.

Fóònù mi lè rán mi létí gbogbo nǹkan lónìí. Ṣùgbọ́n fóònù a máa sún iṣẹ́ síwájú fún ènìyàn láìsí ìnira, ara kì í mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, mo ṣì ń fi ọwọ́ kọ tèmi láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù ni mo sì máa ń kọ sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan ló wà níbẹ̀, ẹni tí mo sọ̀rọ̀ burúkú sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Mo dà á kọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo pè é.

Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e, bí ẹni tó ti ń retí mi.