Ẹnu Ni Mo Fi Júwe Ọ̀nà Lagbé

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń bó lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Igi ń kan ògiri bíríkì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sún sápá ọ̀tún, kọ̀, kọ̀, ó tún sún sápá òsì, kọ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ọ̀pá yẹn. Ọ̀pá Àlàbá ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, obìnrin bíi tèmi, tó ń ti abà wọn lọ́nà Lagbé wá kí mi ní Ifangni ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ríran.

"Ta ló gbé ògiri sójú ọ̀nà o?" Ohùn rẹ̀ gba orí bíríkì kọjá sọ́dọ̀ mi. "Ọ̀rẹ́, ṣé o wà ńbẹ̀? Àbí mo ṣìnà ni?"

Àlàbá, ṣìnà! Ẹni tó ti ń rin ọ̀nà yẹn kí eyín rẹ̀ tó ká. Mo ké sí i pé kó dúró, kó má mira. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n yára mọ́, ògiri ọ̀hún sì gùn. Mo ní láti jáde sí títì, kí n gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn yí po, kí n tó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bá Àlàbá níbẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì, tó ń fọwọ́ wá ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ó dá a lójú pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà. Ènìyàn wo ló máa mọ ògiri dí ojú ọ̀nà tí kò ní fi àyè ẹsẹ̀ sílẹ̀? Mo fà á lọ́wọ́ gba títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti Igolo bọ̀ fun fèrè mọ́ wa lórí, àtèmi àtòun la fò sínú koríko, ìgbálẹ̀ tí Àlàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá fún mi já sínú ẹrẹ̀. Mo gbé e, mo sì fà á dé ilé.

Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ta ló ṣe é?"

Háà! Mo lanu, èpè ló ń jáde. Mo bú àbúrò mi tó ta ilẹ̀. Mo bú ará Cotonou tó rà á. Mo bú àwọn awọnlẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, mo bú bíríkì, mo bú sìmẹ́ǹtì, mo bú omi tí wọ́n fi pò ó. Ẹnìkan péré ni mi ò bú lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì gbọ́ ẹni náà tó bá yá.

Mo ní kó máa gun zémìjàn wá. Ó mi orí. "Lórí alùpùpù, ẹsẹ̀ mi ò mọ ibi tí mo wà. Bí ọmọ náà bá gbé mi sọ ibòmíràn, ta ni yóò sọ fún mi?" Ó gbé ife omi kalẹ̀. "Bí ọ̀nà bá ti dí, ó ti dí nìyẹn. Ọ̀rẹ́, mi ò ní lè máa wá mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fa gbogbo ìbínú tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi yìí, ẹ má sì sọ pé kí n fi sùúrù sí i. Mi ò ní í fi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń gun zémìjàn lọ ra iyọ̀ ní ìkòríta, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n dí. Nígbà tí à ń sọ yìí, títì ò tíì rí ọ̀dà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so ìlú mọ́ ìlú. Ti Tchaada wà, ti Igolo wà, èyí tí àwọn alárù ń gbà pẹ̀lú ẹrù gègèrè lórí, tí wọ́n á máa súfèé kí ará iwájú lè yà fún wọn. Ti Lagbé ni tiwa. Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó la oko ọ̀pẹ kọjá, ó gba ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ ẹkùrọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi odò kékeré kan tí igi ògùrọ̀ yí ká, ó tún gun òkè díẹ̀, ó bọ́ sídìí igi òro ńlá kan, irú èyí tí à ń fi kóró èso rẹ̀ se ọbẹ̀ apọ̀n. Láti Ìdí Òro, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ ló kù títí dé abà àwọn Àlàbá. Ìrìn wákàtí kan ni, bí o kò bá dúró ká èso jẹ. Àwa sì rèé, a máa ń dúró.

Ọ̀nà náà ò fẹ̀ ju ẹni méjì lọ. Bí ọmọdé bá pàdé àgbà, ọmọdé ló ń bọ́ sínú koríko, a ó kúnlẹ̀ kí wọn, ìrì á rin wá dé itan. Àgbà mìíràn á béèrè bàbá ẹ, á béèrè ìyá ẹ, á béèrè ewúrẹ́ yín tó ń ṣàìsàn, ìwọ á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Kì í ṣiṣẹ́.

Bàbá mi gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà níbi tó ti kan ilẹ̀ wa, ìlà kan lọ́tùn-ún, ìlà kan lósì. Àwọn ènìyàn máa ń bi í pé kí ló dé tó fi gbin ààlà méjì. Á ní ilẹ̀ òun parí síbi pèrègún àkọ́kọ́. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ńkọ́? "Ti ẹlẹ́sẹ̀ ni." Ìyá mi gbé ìkòkò omi síbẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀lú.

Níbi ìkòkò yẹn ni mo ti mọ Àlàbá. Ilé ìwé kan náà là ń lọ, òun láti abà, èmi láti ìdí ìkòkò. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa kì í fẹ́ rí ẹrẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú pàṣán, á máa ké "Les pieds! Les pieds!", pé ká fi ẹsẹ̀ hàn, àwọn ọmọ ọ̀nà Lagbé á máa fi ẹsẹ̀ kan pa èkejì mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sunkún nídìí pèrègún nítorí pé omi ti tán nínú ìkòkò. Mo lọ bu omi mímu ìyá mi wá fún un. Wọ́n nà mí nítorí omi yẹn. Àlàbá ò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní, ó máa ń rán mi létí bí mo ṣe pariwo tó.

Nílẹ̀ wa, àlejò kì í dá lọ. O gbọ́dọ̀ sìn ín sọ́nà. Bí a bá jáde nílé ìwé, mo máa ń sìn ín dé Ìdí Òro, ibẹ̀ ni ìdajì ọ̀nà. Tá a bá débẹ̀, á ní kò bójú mu kí n dá padà, á sìn mí dé odò. Ní odò, èmi náà á ní àlejò ni ẹni tó sìn mí jẹ́, mo gbọ́dọ̀ sìn ín padà. Báyìí la ṣe ń lọ tá à ń bọ̀, ọjọ́ kan wà tí ìyá rẹ̀ gbé ọmọ orógùn tó fi ń rokà wá bá wa nídìí igi, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ̀ ń wọn ọ̀nà ni?" Ọmọ orógùn náà ò béèrè ẹni tó jẹ́ àlejò.

A tún ní eré kan. Ẹnìkan á dijú, ẹnìkejì á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa bi í pé, "Níbo la wà?" Ẹsẹ̀ lásán ló máa dáhùn. Bí èèpo ẹkùrọ́ bá ń gún ọ látẹ́lẹsẹ̀, o ti dé ibi àwọn obìnrin. Bí ilẹ̀ bá tutù tó sì rọ̀, odò ni. Gbòǹgbò kan nà gbalaja sójú ọ̀nà ní Ìdí Òro, ẹni tó bá kọsẹ̀ níbẹ̀ ti fìdí rẹmi. Àlàbá kọsẹ̀ níbẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi yọ. Èmi ò kọsẹ̀ rí. Èmi ni mo máa ń borí, ẹ má bi mí bí mo ṣe ń ṣe é. Ta ló mọ̀ pé eré tí à ń ṣe yẹn ni yóò wá di ojú fún un lọ́jọ́ alẹ́? Nígbà tí ojú rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó má jáde mọ́. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló yọ láàárín pèrègún, ó ní kí n wá bu omi ẹsẹ̀ fún òun.

Ọ̀nà yẹn ni wọ́n mọ ògiri sí!

Lọ́jọ́ kejì tí Àlàbá lọ, mo wọ́ orúnkún mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ra ilẹ̀ náà níbi tó ti ń bójú tó àwọn bíríkìlà rẹ̀. Mo ní ọ̀nà ni ibi tó mọ ògiri sí. Ó yọ dígí dúdú lójú, ó kí mi dáadáa, kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù. Ó ní, "Maman, c'est ma parcelle." Ó ní ilẹ̀ òun ni. Mo pariwo, mo ní bàbá mi ò fi ọ̀nà sílẹ̀ fún títà. Ó lọ mú ìwé wá nínú ọkọ̀. "Màmá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

Ọwọ́ mi ni. Orúkọ mi rèé, ó gún régé, bí Mẹ́tìrì ṣe kọ́ mi láti kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣu sọ́nà, bó bá ń padà bọ̀, á bá eṣinṣin. Mo bá tèmi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, àbúrò mi kó àwọn awọnlẹ̀ wá wọn ilẹ̀ tó fẹ́ tà. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni mo wà, ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn wá kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, níbo ni ààlà yín wà?" Mo ní pèrègún ni. Ó ní, "Pèrègún wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn mí." Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Orúnkún ń dùn mí, oòrùn mú, mo fẹ́ bó ẹ̀gẹ́ mi tán. Mo ṣu ẹnu, mo fi tọ́ka sí apá ibẹ̀. Ó ní, "Èyí tó wà lọ́hùn-ún?" Mo ní "Hẹ̀n-ẹ́n," mi ò tiẹ̀ gbójú sókè rí i pé ìlà tó wà lódìkejì ọ̀nà ló ń sọ. Wọ́n gbé ìwé wá, mo fọwọ́ sí i. Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Àjàṣẹ́, mo ti sọ fún Àlàbá kó má wá títí n ó fi dé. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni mo padà, ògiri ti ga ju orí mi lọ, ìlà pèrègún méjèèjì sì ti wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ò tiẹ̀ lo ọwọ́. Ẹnu ni mo fi júwe rẹ̀, bí ẹni ń júwe ibi tí adìyẹ sá gbà. Ṣìọ̀! Àgbàyà!

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo gbé àpótí, mo yí ògiri po láàárọ̀ kùtù, mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá yóò wá. Oòrùn ti ga kí n tó gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ nínú oko ọ̀pẹ.

"Mo ní kí n wá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "bóyá wọ́n ti wó o."

"Àlàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo ń gbóòórùn ẹ̀gẹ́."

"Rárá. Èmi ni mo dí ọ̀nà." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, pèrègún, ẹnu tí mo ṣu, orúkọ tó gún régé. Mi ò di ẹ̀bi rẹ̀ ru àbúrò mi.

Ó ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀.

"Nígbà tá a wà ní kékeré," ó ní, "o máa ń lajú."

"O mọ̀?"

"Gbogbo ìgbà. Ta ní í dijú, tó máa wá fo gbòǹgbò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án?" Ohùn rẹ̀ le. "Ọjọ́ tí wọ́n ní kó o dijú, o lajú. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó o wá wò ó, o dijú."

Mo sunkún, ó jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá gbá àpótí mi. "Dìde. Sìn mí."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò ti sìn ín kọjá pèrègún. Ẹjọ́ orúnkún ni mo máa ń rò fún un. Lọ́jọ́ náà mo bọ́ sálúbàtà, mo dìde. A gba ibi ẹkùrọ́, kò sí obìnrin tó ń fọ́ ọ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ṣì ń gún ni. Omi odò ti fà, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù. A ò pàdé ọmọdé kan tó máa bọ́ sínú koríko fún wa. Ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan ògiri yẹn mọ́ láé, Ìdí Òro ni kí n máa wá bá òun ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Mo ní n ó wá. Láti ìgbà náà, mo ti lọ bá olóyè àdúgbò, mo sọ àṣìṣe mi lójú gbogbo ènìyàn, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí ìyẹn náà. Wọ́n ní àwọn ó rí sí i. Ògiri ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, inú sì ń bí mi sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń yí i po. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín níbi tí ààlà wà, ẹ ju ọ̀bẹ sílẹ̀ kí ẹ dìde.

Ní Ìdí Òro, a pínyà lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí ọ̀nà abà wọn, mo kọjú sí Ifangni. Mo dúró, mo di ojú mi méjèèjì pinpin, mo sì gbé ẹsẹ̀. Gbòǹgbò gbá mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, mo ké yéè, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.

Ọ̀pá Àlàbá dákẹ́ níbi tó dé.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "o ò lajú lónìí."