Ìdì Yúnyun Kan Ṣoṣo

Kòkó ni a lọ já lọ́jọ́ náà ní oko wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Idoani. Ọkọ mi ló ń fi àdá la èso kòkó. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n tó yíjú, àdá ti yọ̀, ó ti ṣá a lójúgun, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde.

Mo tú gèlè mi, mo fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Kíá ló rin gbingbin. Mo gbé fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀ fún mi," ni ìyá ọkọ mi wí. "Lọ já yúnyun wá, ó máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Sáré!"

Mo mọ yúnyun. Ewé rẹ̀ máa ń ha ni lọ́wọ́, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Òun la fi ń bọ́ ehoro nílé wa nígbà èwe mi. Ṣùgbọ́n a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko sí oko náà ni. Gbogbo ibi tí mo wò ló ti gbẹ. Mo dé etí odò, kò sí. Mo ya oko aládùúgbò, kò sí.

Mo ń gbọ́ Màmá lẹ́yìn mi: "Má sùn o! Ọmọ mi, dá mi lóhùn!" Ọkọ mi ń dáhùn. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo túbọ̀ sáré.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rí i, ìdì kan ṣoṣo, eruku bò ó. Mo fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo sáré gbé e padà.

Màmá gbo ewé náà títí omi rẹ̀ fi ń kán, ó fi lé ọgbẹ́, ó ya ìró rẹ̀, ó fi dì í pinpin. A tẹjú mọ́ aṣọ náà.

"Màmá, ṣé ó ti dá?"

"Má tíì sọ̀rọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ rin ín díẹ̀, kò sì tàn kọjá ibẹ̀. Ọkọ mi lajú. A fà á dé ojú ọ̀nà, ọlọ́kadà kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé wa lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà. "Ta ló kó ewé sí i?"

"Èmi ni," Màmá wí.

"Dídì tí ẹ dì í pinpin dára, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ wo erùpẹ̀ tó bá ewé wọlé."

Wọ́n fọ ọgbẹ́ náà, wọ́n rán an, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó padà jinná. Bóyá ewé ló dá ẹ̀jẹ̀ dúró tàbí ìdì aṣọ, n kò lè sọ.

Nígbà tí a jáde síta lọ́jọ́ náà, mo ra píọ́wọ́tà fún Màmá. Kò lè di omi inú ọ̀rá náà mú. Èmi ni mo bá a gbé e sẹ́nu, ó mu ún, ó sì bú sẹ́kún.