Wáyà Tí Mo Rà fún Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn oògùn apakòkòrò tí Ìyá wa fi ń fọ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi bí mo bá rántí ilé wa ní Ẹdẹ. Ó máa ń ta èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó sì máa ń dàpọ̀ mọ́ òórùn ilẹ̀ tútù, nítorí àsìkò òjò ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ láti yunifásítì ní Ìbàdàn. Ìwọ náà bá ayé ìgbà náà, o mọ bí ilé tí ikọ́ ife bá wọ̀ ṣe máa ń rí: kọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀, àwo ọ̀tọ̀, ṣíbí ọ̀tọ̀, àti àwọn àlejò tí kì í jókòó pẹ́. Inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà. Dókítà ti ní kí a máa gbé e lọ sílé, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Òun ló máa ń dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ó bá gbé ohùn sókè lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí tó ń kọjá lọ sọ́jà pàápàá á dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn tó ń gba orin sínú àwo wá láti Èkó, wọ́n gba orin ẹgbẹ́ náà, ohùn tirẹ̀ nìkan ló sì gba odindi ojú àwo kan. Ṣùgbọ́n kí àwo náà tó dé Ẹdẹ, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ibùsùn ọsibítù, àìsàn náà sì ti wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ohùn tó kù fún un kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí ẹlòmíràn lọ. Kò tíì gbọ́ àwo ara rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí mo dé tó fi fọwọ́ pè mí wá sẹ́nu ọ̀nà. "Akadá" ló máa ń pè mí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Akadá, gbogbo ìwé tí o ń kà yìí, o ò lè gbé orin mi wá bá mi níbí? Mo fẹ́ gbọ́ ohùn mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Àǹtí, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wò mí."

Pálọ̀ ni ẹ̀rọ rédíò Bàbá wa wà, èyí tó ní ibi tí a ń gbé àwo lé. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń lò. A kò lè gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, nítorí ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́, gbogbo àdúgbò ló sì máa ń wá gbọ́ ìròyìn nídìí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà kan ló kù: kí n yọ sípíkà lára rédíò kan tó ti bàjẹ́, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí n sì fa wáyà láti pálọ̀ gba abẹ́ òrùlé àgbàlá kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wáyà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni mo kọ́kọ́ rà, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ohùn tó jáde ní yàrá ẹ̀yìn gbẹ, ó sì kéré, bí ẹni tó ń kọrin nínú agolo. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí títí orin fi tán.

"Èmi kọ́ nìyẹn," ó ní.

Kò yà mí lẹ́nu. Ìmọ̀ nípa iná àti ohùn wà lára ohun tí mò ń kà, mo sì mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín máa ń jẹ lára ohùn kó tó dé ibi tó ń lọ, pàápàá bí ọ̀nà bá jìn. Mo gba ọ̀nà tẹ́ṣàn rélùwéè lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta ohun èlò rédíò, aláwàdà, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn agboolé Mùsùlùmí ìlú wa. Mo ń fi ìka wọn bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, mò ń yẹ orí wọn wò bóyá bàbà gidi ló wà nínú.

"Ṣé ìyàwó lo fẹ́ fi ṣe ni?" ó bi mí. "Láti àárọ̀ lo ti ń fọwọ́ pa á lára."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tí kò ní yí ohùn èèyàn padà ni mò ń wá, tí apá mi á sì ká."

"Ohùn ta ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà." Ó fa ìdì kan jáde lábẹ́ káńtà, wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí wọ́n fi òwú hun lára. "Mú eléyìí. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ náà ni kí o fún mi."

Lórí wáyà yẹn, ohùn náà ṣí. Ìyá wa tó ń ṣa ẹ̀wà ní àgbàlá gbé atẹ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Òun náà nìyẹn," ló ń wí, "òun náà nìyẹn o." Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Mo tún lọ bá mẹkáníìkì kan, mo ra wáyà tí wọ́n tú lára lọ́rì, ó nípọn débi pé a lè fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà yìí, a ń gbọ́ bí ó ṣe ń fa èémí sínú kó tó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì orin. Ìyá wa wá sẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ ni ó fi bo imú bí dókítà ṣe kọ́ ọ.

"Ohùn rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Ohùn rẹ gan-an."

"Ìyá mi," ó ní, "ṣé ẹ ti gbàgbé ohùn mi ni?"

Òjò ń kán lórí páànù. Ó gbìyànjú, ó tún sọ̀rọ̀. "Bí mo bá lọ, eléyìí ni ẹ ó máa gbé sórí ẹ̀rọ. Obìnrin yìí ni ẹ ó máa sunkún fún. Èmi kọ́."

Ìyá wa tú gèlè kúrò nímú, ó jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n ní kó má jókòó lé, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé àyà. "Sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Ó ronú títí. "Ó jinlẹ̀ ju báyìí lọ. Ó máa ń kún inú orí mi títí dé eyín."

Mo gbọ́ ọ, kò sì yé mi. Wáyà mìíràn ni mò ń rò. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo rí ọ̀kan tó dára ju gbogbo wọn lọ, mo sì ti ń fi owó oúnjẹ mi pamọ́ dè é nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí wálé wá sìnkú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí yàrá àwa olùkọ́. A sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ padà fún wa. "Ta ni olóhùn imú yìí?" ni mo bi wọ́n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Èmi ni. Kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu àwọn náà, nítorí olúkúlùkù mọ ohùn ẹnìkejì, kò sí ẹni tó gbà pé tòun nìyẹn. Mo jáde lọ dúró lábẹ́ igi, mo rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: títí dé eyín.

Nígbà tí mo dé Ẹdẹ, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá wa: pé egungun orí ẹni wà lára ọ̀nà tí ohùn ẹni ń gbà dé etí ẹni, pé ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá kò sí nínú wáyà kankan, kò sì jáde síta rí.

"Èmi tí mo bí i," ó ní, "n ò gbọ́ ọ rí?"

"Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí, Ìyá mi."

"Ó sì rò pé a gbàgbé ni," ni Ìyá wa wí.

Mo ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá ń sọ nídìí sàréè pé àwọn mọ olóògbé tinútẹ̀yìn, n kì í jiyàn. Mo kàn máa ń rò pé ohun kan wà tí ó ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ti bá a lọ, tí kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.