Ìyá Eku àti Oògùn Ata Ilẹ̀ Pupa

Inú ń bí ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ilé ìwádìí oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bọ́ àwọn eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò, òun náà ló ń pa wọ́n. Ìyá Eku ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òun pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló bí. Ìfun ọmọ náà a máa wú. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, á sì rù kan eegun. Oògùn ò ràn án mọ́. Dókítà ti ń sọ pé àfi káwọn gé lára ìfun rẹ̀.

Irú àìsàn yẹn gan-an ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ dá sílẹ̀ lára àwọn eku. Wọ́n á fa oje ata ilẹ̀ pupa, wọ́n á wé e sínú hóró ọ̀rá tí ojú lásán ò lè rí, kó má baà bàjẹ́ nínú ikùn kó tó dé ibi tó wú. Àwọn eku tó ń ya ẹ̀jẹ̀ mu ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n ń sáré kiri. Ẹ̀gbọ́n mi fojú ara rẹ̀ rí i! Ẹ wá ní kó panu mọ́?

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bù díẹ̀ fún ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, màmá. A ò tíì dán an wò lára èèyàn."

"Ṣé eku wá sàn ju ọmọ mi lọ ni?"

Ọ̀gá yí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò ké nílé ìgbẹ́ rí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ki ìgò oògùn náà kan sábẹ́ aṣọ, ó gbé e wálé.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dà á sí ife. Ọmọ náà gbà á, ó ń wò ó.

"Màmá, àwọn eku tí ara wọn yá yẹn dà?"

"Mu ún jọ̀ọ́."

"Wọ́n dà?"

"Mo pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Tí ara wọn bá ti yá, a máa ń la inú wọn, ká lè rí bí ìfun ṣe jinná sí."

"Gbogbo wọn? Ẹ ò wá mọ ohun tí oògùn náà máa ń ṣe tó bá pẹ́ lára wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi jágbe mọ́ ọn. Ọmọ náà rọra gbé ife sílẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ẹ̀gbọ́n mi da oògùn náà nù. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dúró síwájú àgò àwọn eku tí ara wọn ti yá, kò fọwọ́ kan irinṣẹ́.

"Màmá, kí lẹ ń dúró dè?" ọ̀gá bi í.

"Mi ò ní pa àwọn wọ̀nyí. Tó bá wù yín, ẹ lé mi dànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ọmọ mi fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà á dàgbà."